Ògiri Tó Lanu

Epo ni mo ń tà. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń wọ́ rọ́bà kọjá nínú yìnyín
láti ojúlé dé ojúlé, lẹ́bàá odò tó pààlà àwa àti Kánádà.
Táǹkì tó bá tètè gbẹ, owó mi ni.
Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí,
ẹ má jẹ́ kó dé etí ọ̀gá mi.

Ní oṣù kọkànlá, mo rọ epo kún táǹkì ìyá Ozithe Daigle,
nílé tó dá dúró lẹ́yìn oko ọ̀dùnkún.
Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún pè mí.
Ó ti ki ọ̀pá ìgbálẹ̀ bọ táǹkì, ó rí i pé orí rẹ̀ lásán ló tutù.
"Gervais, àbí o rẹ́ mi jẹ ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dì sí mi lẹ́nu.

Ó ka owó sórí tábìlì,
dọ́là tó ti rún bí ewé gbígbẹ;
kò pé, ó fi owó onírin inú agolo kọfí dí i.
Súwẹ́tà mẹ́ta ló wọ̀ lé ara wọn,
ẹ̀wù òtútù ọkọ rẹ̀ ló fi bo gbogbo rẹ̀.
Ilé ìdáná nìkan ló kù tó ń gbé.
Ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn nísàlẹ̀ ilé
bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò lópin.

Mo ní, ìyá, ajere kì í gba omi dúró.
Ojú ọ̀run lẹ̀ ń mú gbóná,
àwọn ẹyẹ ìwò ló ń yá iná tí ẹ rà.

Mo padà lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Maurelle ọmọ mi,
pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, téèpù,
àti ẹ̀rọ tí ọmọ náà fi ń mú irun gbẹ.
A na ọ̀rá bo fèrèsé, a fẹ́ ooru sí i,
ó fà le bí awọ inú ẹyin.
A ká àkísà sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn.
A tan àbẹ́là, a ń gbé e kiri;
ibi tí iná bá ti mirí, Maurelle á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.
Ìyá ń tẹ̀lé wa, ó ń ráhùn:
owó téèpù ńkọ́, ta ni yóò san án?

Lẹ́nu ilẹ̀kùn kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
iná àbẹ́là dọ̀bálẹ̀, ó kú.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."
Yàrá Lézime ni. Ó di ọdún méjì tí kò ti ṣí i.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ,
ẹlẹ́po kì í ṣe àlùfáà.
Maurelle, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló bi í léèrè:
"Ṣé òtútù ò mú bàbá níbẹ̀ ni?"
Ìyá wo ọmọ náà títí.
Ó wá fa kọ́kọ́rọ́ yọ nínú àpò ẹ̀wù ọkọ rẹ̀.

Fèrèsé náà là tó ìka méjì.
Apá odò ló kọjú sí, ojú mi ò débẹ̀ rí.
Yìnyín ti gun orí bẹ́ẹ̀dì,
ó sùn síbẹ̀ bí onílé.
Ògiri lanu; aláǹgbá kọ́ ló wọlé, ọyẹ́ ni.

"Ó fẹ́ràn kó máa gbọ́ odò," ni ìyá wí,
"bí yìnyín bá ń fọ́ lójú omi ní oṣù kẹrin.
Oṣù kẹrin náà ló lọ.
Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má pa á dé."
Igi fèrèsé ti wú, ó le.
Ó fi èjìká tì í,
kò jẹ́ kí n bá a fọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kejì, mo fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
Ó juwọ́ láti ojú fèrèsé: máa lọ.
Súwẹ́tà kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀gá mi ṣí ìwé oníbàárà, ó gbójú sókè:
"Daigle ńkọ́? Ṣé ó ti kú ni?"
Mo ní rárá o.
Ara rẹ̀ ló móoru.