Ta Ló Sọ Ọ́ ní Àṣá?

Ayárabíàṣá ni wọ́n sọ ọ́.
Bẹ́ẹ̀ tí mo bá tẹ̀ ọ́ láàárọ̀
màá fọ ẹnu, màá gbálẹ̀ iwájú ilé,
màá gbé iṣu kaná, iṣu á jinná,
òbíríkítí kan á ṣì máa pòòyì lójú rẹ,
inú rẹ á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀
bí eku tó há sínú àpò gààrí.
Àṣá wo ló ń fò báyìí ní Èbúté?

Ọdún mọ́kànlá la ti jọ wà.
Inú rẹ ni mo tẹ ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi sí,
inú rẹ ni Ìbídùnní ń kọ owó àjọ sí
títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀ tí kò ṣe é gbé mọ́.

Mo gbé ọ wọ Márúwá lọ sí Sábó.
Múníírà, ọmọ tí mo kọ́ ní ìsọdipúpọ̀,
tẹ́ mẹ́ta sórí gíláàsì bí ẹni ń ta òrùka.
Èkínní pẹlẹbẹ bí páálí káàdì.
Èkejì tín-ín-rín bí ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.
"Kí tàkọ́kọ́ tó ti Ìkòròdú dé Kétu,
èyí ti dé Ìbàdàn, ó ti ń wá ibi jókòó sí."
Ẹ̀kẹta ò lórúkọ ìdílé.
Wọ́n kàn kọ tẹ́rábáìtì méjì sí i láyà,
owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti àwọn yòókù.
Mo nawọ́ sí i. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín:
"Ẹ gbé e wò, Tíṣà."
Ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.
"Ẹ kó ogún fún un, á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.
Ẹ padà wá bèèrè, méjì ló máa kó fún yín."

Ṣingọ́ọ̀mù ló wọ̀ mí lójú, mi ò ní purọ́.
Wọ́n ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán;
èmi ò lé nǹkan kan, nǹkan kan ò sì lé mi,
mo kàn fẹ́ sáré ni.
Ó fi sukudíráfà tú ẹ̀gbẹ́ rẹ, ó tan tọ́ọ̀ṣì wọnú:
kò sí ihò tó máa gbà á.
Ọdún tí wọ́n rọ ọ́, irú rẹ̀ ò tíì gbòde.

Ó di páálí káàdì, gígábáìtì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta,
ìwé onídùúró ọdún mẹ́ta.
Owó ìfẹ̀yìntì oṣù Ẹ̀bìbì wọlé, ó jáde.
Láti Àìlà títí di Àlàásárì
ẹrù ń ti ilé àtijọ́ wọ ilé tuntun,
orúkọ fáìlì ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Àjọ ni gbogbo èyí? Ká pa á rẹ́ kí àyè gbà yín?"
Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Lówùúrọ̀ mo tẹ̀ ọ́.
Ọ̀bẹ ò tíì kan iṣu, o ti là.
Kò sí kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò sí eku,
ilé pa lọ́lọ́
débi pé mo gbọ́ omi ọ̀sà.
Irin àtijọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú Ìbídùnní.
Àkókò iṣu ṣì kù nílẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe.
Mo ṣí ìwé àjọ.
Ìyá Kọ́lápọ̀ ṣì jẹ wá ní ẹgbẹ̀rún méjì.