Àpótí Mẹ́ta

Ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju omi,
bàbá mi jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ike omi lílọ́wọ́ọ́rọ́.
Mo ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn,
mo gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù, mo ń ka àlọ́ inú àpótí fún un.
Ojú rẹ̀ ò ríran ìwé mọ́.

"Ìbú, ìkejì: apá tí oòrùn àárọ̀ ń bá atukọ̀
bí ó bá dojú kọ àríwá. Àpótí mẹ́rin."
Kò ronú. Ó na ọwọ́ tó fi ń jẹun kan ògiri.
"Ọ̀tún."

"Òòró, ìkarùn-ún: ibi tí ẹni tó ń darí ọkọ̀ ń jókòó. Mẹ́ta."
"Ìdí ọkọ̀. Ìdí ni kí o kọ.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó síbẹ̀ láti Igbókòdà,
ìpàkọ́ èrò ni mo mọ̀, n ò mọ ojú wọn."

"Kì í ṣe iwájú ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Mẹ́ta."
"Ẹ̀gbẹ́."
Mo kà á: mẹ́rin. Mo ní ẹni tó ṣe é ló ṣì í kà.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nínú ike:
"Pa ètè rẹ dé, kí o là á. Ẹ̀ẹ̀mélòó lo là á?
Gb, ọ̀kan ṣoṣo ni. Fi í sínú àpótí kan,
bí a ṣe ń gbé abiyamọ àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, owó kan."

Gúúsù wà nínú orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó bí òjò bá ń bọ̀,
ìwọ̀-oòrùn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí iyọ̀ ti jó.
Níta, ọlọ́kadà kan ń bèèrè ọ̀nà Ìjàpò,
aládùúgbò wa ní, "Ṣáà máa lọ, wà á rí i."
Bàbá mi pòṣé.

Ó ku ọ̀kan, ní igun ìsàlẹ̀:
"Ibi tí atukọ̀ ń dorí ọkọ̀ kọ bí ilẹ̀ bá ṣú. Mẹ́ta."
Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo dákẹ́ dè é.
Ó yọ ẹsẹ̀ nínú omi, ó nu ọ̀kan, ó nu èkejì.
"Òkun."
"Bàbá, mẹ́rin ni òkun."
"Mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí ó wọ yàrá wa,
tó gbé àga, tó gbé ilẹ̀kùn,
tó gbé ibi tí ìyá rẹ ń sá ẹja sí,
òun náà ò ka àpótí."

Mo kọ ọ́. O, K, U wọlé.
N ṣẹ́ kù síta, ní etí funfun ìwé.
N ò pa á rẹ́.