Òrùka Ẹnu Ilẹ̀kùn

A sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Dọ́ràmù,
òjò tí kò tó òjò ń ta sí wa lójú.
Màámi ní, "Èyí kì í ṣòjò, ìrì tó pẹ́ jí ni."
Ó wọ súẹ́tà mi lé bùbá,
ó wọ kóòtù Fadérera lé súẹ́tà,
ó wá rí rogodo bí ìdì òwú.

Orí òkè ni ìlú àtijọ́ náà wà.
Odò yí i ká bí ọ̀já ẹ̀yìn ọmọ,
ó ku díẹ̀ kí etí rẹ̀ méjèèjì pàdé.
Òkúta ojú ọ̀nà rí gbágungbàgun,
orúnkún Màámi ń ké,
òun náà ń bá a wí:
"Dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣebí ìwọ náà lo fẹ́ wá."

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ó dúró níwájú òpó kan,
ènìyàn mẹ́rin ò lè fọwọ́ gbá a mọ́ra.
Wọ́n ti fín in látòkè délẹ̀.
"Ẹ wò ó! Wọ́n bu àbàjà fún òpó.
Ọmọ ta ni?"

Místà Hẹ́dìlì tó ń mú wa kiri
fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí òkúta dúdú tó dábùú ilẹ̀,
ó ní láyé àwọn mọ́ńkì
obìnrin kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.
"Orò ni?" Màámi bi mí.
Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún baba olóyìnbó.
Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti kọjá,
ó padà, ó tún kọjá,
bí ẹni ń wọn aṣọ.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo òkúta náà dáadáa:
"Ó tán?"

Àtẹ̀gùn ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n
ló lọ sórí ilé ìṣọ́.
Ó ní kí n bá òun kí wọn lókè.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn àríwá la parí rẹ̀ sí.
Ojú ẹranko kan ló wà níbẹ̀, irun yí i lórí bí iná,
ihò lásán lẹyinjú rẹ̀,
ó gbé òrùka há ẹnu.
Ẹni tó bá pànìyàn nígbà náà, tí wọ́n ń lé e bọ̀,
bó bá ti di òrùka yìí mú, ó bọ́.
Wọn a fún un lóúnjẹ, wọn a fún un ní ibùsùn,
ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì,
lẹ́yìn náà, kó lọ jẹ́jọ́, tàbí kó forí lé òkun.

"Ẹ̀dà lèyí o," Místà Hẹ́dìlì ní,
"ojúlówó wà nínú dígí."
Màámi rò ó díẹ̀.
"Ṣé ẹ̀dà náà máa ń gbani?"
Mo túmọ̀ rẹ̀. Baba rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Lẹ́tà Hóòmù Ọ́fíìsì wà nínú báàgì mi,
mo ká a sí mẹ́rin sábẹ́ bisikíìtì.
Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n kọ sínú tèmi,
mo ti jẹ mọ́kànlélógún,
n kò sì pa ẹnikẹ́ni,
àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ lóru
títí ilé náà fi kógbá wọlé.
Mi ò tíì sọ fún un.

Ó di òrùka mú lọ́wọ́ méjèèjì.
Àwọn ọmọ Ṣáínà tó fẹ́ ya fọ́tò ń dúró dè é,
kò yára.

Nínú ọkọ̀ tá a bá padà,
ó gbóòórùn irin lára ọwọ́ rẹ̀,
ó gbé e sí mi nímú.
"Oyèníkẹ̀ẹ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún ọ?"

Mo ní kó jẹ bisikíìtì.