Bí Ìgbín Bá Fà

Kì í ṣe tírélà tí ẹ mọ̀, èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì.
Ilé kékeré ni, ó rí roboto bí ẹyin awó,
táyà méjì, fèrèsé mẹ́ta, ilẹ̀kùn kan tó ń ké,
wọ́n rọ ọ́ lọ́dún tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ iléèwé.

Opó Wiebe ló tà á fún mi ní Taber,
lẹ́yìn oko àgbàdo tó ga ju orí mi lọ.
Ó gba owó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá ogún dọ́là padà.
"Ti epo nìyẹn," ó wí. "Pikọ́ọ̀pù rẹ yìí, ọ̀mu ni."
Kò purọ́. Fọ́ọ̀dù ọdún 1966,
aláwọ̀ ewé tó ti ṣá,
ó ń mu epo bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí:
kí n má ṣe na ibi tó tẹ̀ wọnú lápá òsì.
"Abram ló fi ẹ̀yìn kọlu ògiri ṣọ́ọ̀ṣì,
ọjọ́ Àjíǹde ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
N ò tún gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ mọ́."
Èmi wẹ́dà, tí ọwọ́ ń yún bí mo bá rí irin tó tẹ̀,
mo ki ọwọ́ bọ àpò.

Mo fi gíríìsì ra bọ́ọ̀lù irin lórí,
mo sọ ọrùn ilé kalẹ̀ lé e, ó dún "káń",
mo gbé ẹ̀wọ̀n méjì kọjá ara wọn lábẹ́,
mo so wáyà iná pọ̀, pupa mọ́ pupa,
funfun mọ́... mo ti gbàgbé.
Mojírayọ̀ dúró lẹ́yìn, ó ń pariwo:
"Ti òsì ń ṣẹ́jú! Ti ọ̀tún ń sùn!"
Mo gbá a lábàrá. Ó jí.

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e:
ẹni tó pa òwe yẹn kò wakọ̀ rí
nínú afẹ́fẹ́ Pincher Creek.
Ìkarahun tèmi ní èrò tirẹ̀.
Mo yà sọ́tùn-ún, ó kọ́kọ́ rò ó wò kó tó yà.
Mo tẹ bíréèkì, ó tì mí nídìí bí ọmọ tí ebi ń pa.
Atẹ́gùn kan ṣàdédé gbá a,
ilé ń jó lẹ́yìn, ọkọ̀ ń jó níwájú,
iṣan ọwọ́ mi yọ lórí sítíárìn.
Mojírayọ̀ dákẹ́.
Bí obìnrin yìí bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.
"Má tẹ bíréèkì," ó wí jẹ́ẹ́.
"Gbé ẹsẹ̀ kúrò. Jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀."
Níbo ló ti kọ́ ọ?
Ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti ń ṣe ìyàwó mi ni.

Ilẹ̀ ṣú ní Lundbreck. Rédíétọ̀ hó,
a dúró, a bu omi fún un bí ẹṣin.
Ìgbà tí a tún gbéra, iná ẹ̀yìn kú pátápátá:
ilé funfun kan, tí kò ní fìtílà,
lójú ọ̀nà tí àwọn agbégi ń fò bí àṣá.
Ọkọ̀ kan sún mọ́ wa lẹ́yìn. Kò yà wá sílẹ̀.
Àyà mi já. Kí ni eléyìí ń wá?
Ó tan iná ìkìlọ̀ rẹ̀, ó ń tàn, ó ń kú,
ó ń rìn bí a ti ń rìn, ogójì péré,
ó fi ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ṣe ìrù fún wa
títí dé etí adágún Crowsnest.
A yà. Kò yà.
Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.
Jíìpù ni àbí fáànù, n ò lè búra.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lára pákó ilẹ̀kùn,
Abram ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọdún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀:
*Ẹja méjì. Òjò. Anna ń bínú.*
*Ẹja mẹ́sàn-án. Anna kò bínú mọ́.*
Ààyè ṣì kù nísàlẹ̀.
Mojírayọ̀ wá pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́ ní Yorùbá:
*Kò sẹ́ja. Iná kú. Ẹnìkan sìn wá dé.*
Ó ní kí n buwọ́ lù ú.
Mo ní ó di àárọ̀. Bóyá ẹja á wà.