Ilẹ̀kùn Tí Kò Mọ Ìyá Mi

Láti Kútọnu ni Ṣàbí ti gbé e wá nínú páálí,
àgádágodo tí kò ní ihò, dúdú,
ó ń dán bí ojú ológbò.
Ó ní, "Ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́.
Ìka ni yóò máa ṣílẹ̀kùn báyìí."

Bàbá wa ṣiṣẹ́ rí ní ibùdó reluwé Ṣábẹ̀ẹ́ níhìn-ín,
kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógún ló wà lára òrùka irin rẹ̀.
Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, a ti ń gbọ́ ọ láti ìdí máńgòrò:
ṣaworo, ṣaworo,
à ń gbé ìwé jáde, à ń fi eré pamọ́.
Reluwé ò wá mọ́. Koríko ti bo irin.
Bàbá pẹ̀lú ti wọ ọkọ̀ tí kì í padà.
Òrùka náà ṣì wà lórí ìṣó nínú yàrá,
mẹ́rìndínlógún nínú wọn ò ní ilẹ̀kùn mọ́ láyé.
Ẹyọ kan tó kù, tiwa ni.

Òun ni mo sọ nù lẹ́ẹ̀mẹta.
N kò ní purọ́: mo ti sùn sí ẹ̀yìnkùlé rí,
ẹ̀fọn fi mí ṣe ìnáwó.
Kọ́kọ́rọ́ ò yàtọ̀ sí kòkòrò lálẹ́ ọjọ́ náà,
inú koríko ni mò ń wá a kiri pẹ̀lú iná fóònù.
Nítorí náà n kò bá Ṣàbí jà.
Mo di pákó mú fún un, ó ń lu ihò.

Mo fi ìka mi kàn án: iná àwọ̀ ewé.
Ṣàbí fi tirẹ̀: ewé.
Ó wá kan Ìyá.
Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó na àtàǹpàkò.
Pupa.
Ó na ìka ìlábẹ̀. Pupa.
Ọ̀tún, òsì, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
pupa, pupa, bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Ṣàbí ní kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́.

Ni mo bá gba ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e sójú oòrùn,
mo wò ó bí ẹni ń wo ìwé àtijọ́.
Kò sí ìlà kankan níbẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi pa kajú
nílé iṣẹ́ tó wà lọ́nà Pàràkú,
òróró èèpo rẹ̀ a máa jó ọwọ́ bí iná tí kò léèéfín.
Ó ti jẹ gbogbo ìlà náà tán:
owó ilé ẹ̀kọ́ Ṣàbí, páànù orí ilé yìí,
ilẹ̀kùn yìí gan-an.

Ìka tó ra ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò mọ̀ ọ́n.
Ìka tí kò ṣe ìkà rí.

Ṣàbí ní kò burú, nọ́ńbà wà,
kí Ìyá mú mẹ́rin tí kò ní gbàgbé.
Ìyá ronú títí, ó mú un, ó sì sọ ọ́ sókè.
Ìyá Rúfínà dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri:
"Mo ti gbọ́ o!"

Ọ̀sẹ̀ kejì, aago márùn-ún ìdájí, fóònù dún láti Kútọnu:
"Ìyá, níbo lẹ lọ laago mẹ́rin?"
Ilẹ̀kùn ló lọ rojọ́ fún un.
"Mo lọ tọ̀," ni Ìyá wí,
ó wo ilẹ̀kùn náà tìkà-tẹ̀gbin.
"Wọ́n ní àgádágodo kì í finú han ara wọn.
Eléyìí, inú gbogbo wa ló ń tú síta."

Méjèèjì ló wà lára ilẹ̀kùn wa báyìí.
Dúdú yẹn, tèmi ni, èmi olùgbàgbé.
Lóru, bí bátìrì rẹ̀ bá fẹ́ kú, a máa ké píìn, píìn,
Ìyá á ní, "Ẹ dìde, ẹ fún un lóńjẹ."
Ihò kọ́kọ́rọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tó ti wà látijọ́.

Lánàá, mo gbọ́ ṣaworo níta, ọkàn mi fò,
ọwọ́ mi ti ń wá ìwé tí mo máa gbé jáde.
Ìyá ni.
Ó ti mú òrùka náà kúrò lórí ìṣó, ó so ó mọ́dìí,
mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún.
Mo ní, "Ìyá, ẹyọ kan náà ló ń ṣiṣẹ́."
Ó ní òun mọ̀.
Ó ní kí ẹyọ kan má baà máa dá rìn ni.