Àwọn Tí Kò Padà Sílé

Ọyẹ́ wọ Kétu láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
eruku pupa bo Àkàbà Ìdènà,
Ìdòhú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.
Ọmọ ọdún méjì: ọ̀fìnkìn yìí ni àkọ́kọ́ rẹ̀.
Ara rẹ̀ kò mọ ojú àlejò,
ó ń daná sí gbogbo yàrá
nítorí olè kan.

Èmi ń kọ́? Mo sín lẹ́ẹ̀mejì péré.
Ó ti ṣe mí rí, lọ́dún tí a sin Bàbá Abíálà.
Nọ́ọ̀sì Ọyáwálé ní, ogun tí wọ́n jà
nínú ẹ̀dọ̀fóró mi nígbà náà,
kì í ṣe gbogbo ọmọ-ogun ló padà sílé.
Àwọn díẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà èémí,
wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò ṣọdún,
ojú ọ̀tá nìkan ni wọ́n ń rántí.

“Ṣùgbọ́n wọ́n ń dín kù,” ó ní,
ó ń fi òwú nu tẹmọmítà.
“Ọ̀tá náà a sì máa pààrọ̀ fìlà.”

Lálẹ́, mo gbé Ìdòhú sáyà.
Àyà rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn,
igi tútù, ìṣó tuntun.
Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣọ́nà.
Mo fi òrí pa imú ọmọ,
mo ní, ẹ kú àìsùn o.