Kọ́nà Kẹta

Ẹ má sọ fún mi pé eré nìkan lọkọ̀ yìí mọ̀.
Eré ojú ọ̀nà tààrà, ọmọdé ń sá a.
Kọ́nà ní ń tú àṣírí awakọ̀.

Lẹ́yìn Alákíà, ní pápá tí a fi ògbólógbòó táyà pààlà,
mo pẹ́ kí n tó tẹ bíréèkì.
Ìdí ọkọ̀ yọ̀ bí ẹja àrọ̀,
erùpẹ̀ pupa kún ojú gíláàsì.
Súbérù mẹkáníìkì ò pariwo.
Ó fọwọ́ kan táyà, ó ní:
"Ìbẹ̀rù rẹ ló pẹ́ dé."

Nígbà tí mò ń padà bọ̀,
kòtò Ìwó Ródù kọ́ ọkọ̀ pẹlẹbẹ mi ní ìkúnlẹ̀.
Máíkírà àtijọ́ kan já mi sílẹ̀,
ìyá àgbà tó ń wà á juwọ́ sí mi.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ọwọ́ mi ṣì ń yí kọ́nà kẹta.